Òrùlé Ilé Onídíńgí

Nígbà tí a sin Fádípẹ̀ káfíńtà lọ́dún tó kọjá, ọkùnrin kan tó ti Kútọnu wá ka ìwé gígùn lórí rẹ̀. Ó kà á ní Faransé, ó tún kà á ní Yorùbá. Ó ní akínkanjú ni, ó ní òpó ìlú ni. Mo dúró nínú oòrùn, mò ń retí pé yóò dé ibi ọ̀rọ̀ òrùlé. Kò dé ibẹ̀. Bóyá kò mọ̀. Èmi mọ̀, nítorí èmi ni mo ba nǹkan jẹ́ níbẹ̀. Ìdí tí mo fi jókòó kọ èyí nìyẹn. Kíláàsì mẹ́ta péré ni mo ṣe. Ẹ má wá ọ̀rọ̀ dídùn níbí.

Ọmọ ìlú Lagbé ni Fádípẹ̀. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìdírókò ló ti kọ́ṣẹ́. Ó mọ nọ́ńbà kà, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ló fi ń wọn nǹkan. Yóò na ọwọ́ òsì lórí igi, láti orí àtàǹpàkò dé orí ọmọńdinrín, yóò ní, "Ọwọ́ mẹ́rin," yóò fi ayùn sí i. Àwọn káfíńtà yòókù ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ilẹ̀kùn tó kàn sílé mi láti ìgbà náà, ó ṣì ń tì dáadáa.

Bíríkìlà ni èmi. Ibi tí ó bá ti ṣiṣẹ́ igi, èmi ni mo máa ń ṣe ti ògiri. Ọdún mẹ́ta ló fi jù mí. Ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè é, Ògúnrìndé ni òun ń pè mí.

Ọdún 1978 ni. Ayé Révolution, ìyípadà tí ìjọba kéde. Camarade ni gbogbo wa nígbà náà. Tí o bá wọ ọ́fíìsì district, ẹnikẹ́ni kì í kí ọ káàárọ̀. "Prêt pour la Révolution!" ni wọn yóò wí, ìwọ náà yóò sì dáhùn pé, "La lutte continue!", pé ìjà ṣì ń lọ. Ìyá mi kò gbọ́ Faransé rárá. Ohun tí òun ń dáhùn ni "Lalúùtù, ẹ kúu!" Wọn a sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, gbogbo wa, ọkùnrin àti obìnrin, a ó jáde lọ sí oko ìlú, a ó máa kọrin, a ó máa roko. Mi ò sọ pé ó dára, mi ò sọ pé kò dára. Mo kàn mọ̀ pé eegun kò tíì máa ro wá, a sì ń rẹ́rìn-ín púpọ̀.

Òyìnbó àgbẹ̀ kan ló kọ́ ilé onídíńgí yẹn nígbà ayé àwọn Faransé. Ó fi í ti ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀. Ògiri rẹ̀ kò ju ìbàdí ènìyàn lọ. Òpó igi mẹ́rin dúró lórí ògiri náà, díńgí ló wà láàárín wọn, díńgí náà ló wà lókè. Òdòdó ló ń gbìn sínú rẹ̀. Nígbà tó lọ tán, ewúrẹ́ ló gba ibẹ̀. Révolution dé, wọ́n lé ewúrẹ́, wọ́n sọ gbogbo ilé náà di ilé ìgbẹ̀bí. Yàrá kò tó. Inú ilé onídíńgí ni wọ́n ń tẹ́ àwọn ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ sí.

Ẹ ò lè mọ ooru ibẹ̀. Tí ó bá ti di ọ̀sán, bí ìgbà tí ènìyàn wà nínú ààrò búrẹ́dì ni. Màmá Scholastique, agbẹ̀bí wa, a máa fi aṣọ tútù nu àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń nu àwo. Tí òjò bá sì dé, díńgí tó ti là yóò máa jò sórí bẹ́ẹ̀dì. Dókítà kan ti Àjàṣẹ́ wá wò ó. Ó ní tí wọn kò bá pààrọ̀ òrùlé yẹn kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, òun yóò ti ilé náà pa, kí àwọn aboyún máa lọ sí Àjàṣẹ́.

Fádípẹ̀ kò fẹ́ gbọ́ orúkọ Àjàṣẹ́. Ní ọdún méjì ṣáájú, ọ̀nà Àjàṣẹ́ ni Àrìnpé ìyàwó rẹ̀ bí àkọ́bí wọn sí, nínú takisí, láàárín àpò gààrí. Ọmọ náà kò yè. Ní ọdún tí mò ń wí yìí, oyún Àrìnpé ti di oṣù mẹ́jọ. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ dókítà dé etí Fádípẹ̀, ó gbé ìfági sílẹ̀, ó lọ sí district pẹ̀lú lẹ́búlẹ́bú igi lára.

"Èmi ni n ó ṣe òrùlé yẹn," ló sọ fún wọn.

Wọ́n ń kọ́ ilé yìnyín ẹja kan ní Kútọnu nígbà náà. Páànù tó ṣẹ́kù níbẹ̀ ni wọ́n fún wa: páànù nísàlẹ̀, páànù lókè, fóòmù líle láàárín. Oòrùn kò lè gba inú rẹ̀ kọjá. Páànù oníbúrẹ́dì ni a sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ni yóò gé e ní Kútọnu, tí wọn yóò fi irin dí etí rẹ̀ kí omi má bàa wọ fóòmù. Ohun tí a bá kọ ránṣẹ́ ni wọn yóò gé. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni. Kò sí òmíràn.

Ni a bá lọ wọ̀n ọ́n. Fádípẹ̀ mú téèpù rẹ̀ ti Ìdírókò wá. Victorin, délégué wa, aṣojú ìjọba ní ìlú wa, wò ó.

"Íǹṣì ni eléyìí, camarade. Íǹṣì àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Mètre ni Révolution ń lò."

"Révolution ní ọwọ́?" Fádípẹ̀ bi í.

"Ọwọ́ kẹ̀?"

"Tèmi wà níbí."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àfi Victorin. Ọmọdé ni lójú wa, ṣùgbọ́n ìwé ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yá téèpù onímẹ́tìrì nílé ìwé. Fádípẹ̀ gun òkè, ó rọra gbé ẹsẹ̀ lé igi tó gbé díńgí ró. Victorin ń bẹ̀rù kí díńgí má já lé òun lórí. Ó lọ jókòó sábẹ́ máńgòrò lọ́hùn-ún pẹ̀lú káyé tó fi ń kọ nǹkan. Èmi wá dúró lórí àkàbà láàárín àwọn méjèèjì. Ohun tí Fádípẹ̀ bá pè, èmi ni n ó pè é fún Victorin.

Ti ìbú ògiri rọrùn. Mẹ́tìrì méje gẹ́lẹ́. Ó ku gígùn páànù, láti ara ògiri ilé ńlá lókè dé etí igi ìsàlẹ̀, níbi tí omi ti ń ṣàn sílẹ̀. Bí ó ṣe na téèpù náà ni Ràfátù aládùúgbò wa tan ẹ̀rọ ìlọ̀gbàdo rẹ̀ ní ẹ̀yìn ọgbà.

"Mẹ́tìrì mẹ́ta!" Fádípẹ̀ ké. "Àti sàǹtí mẹ́tàlélógún!"

Mo gbọ́ "mẹ́ta". Mo gbọ́ "lógún". Èyí tó wà láàárín wọn, ẹ̀rọ Ràfátù gbé e mì. Nínú èdè wa, lé àti dín nìkan ló ya mẹ́tàlélógún kúrò lára mẹ́tàdínlógún. Ó yẹ kí n bi í léèrè. Oòrùn ń pa mí, àkàbà ń mì. Ẹnu mi mú èyí tó wù ú.

"Mẹ́tàdínlógún!" mo ké sí Victorin.

"Dix-sept?"

"Ẹ̀ẹ̀n. Dix-sept."

Bẹ́ẹ̀ ni ìwé ṣe lọ sí Kútọnu.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọkọ̀ ẹrù já páànù méje sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà. Ojú ọ̀run ti ń ṣú láti ìhà Nàìjíríà. A ti tú gbogbo díńgí òkè kúrò láàárọ̀ ọjọ́ náà, a ti fọ́ wọn dànù. Àwọn ìyá ọmọ sùn mọ́ra wọn nínú yàrá kan ṣoṣo. A gbé páànù àkọ́kọ́ lọ sókè. Orí rẹ̀ jókòó sí ara ògiri. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dé orí igi.

"Ó dín," ni Fádípẹ̀ wí.

Ó wọ̀n ọ́n. Sàǹtí mẹ́fà. Mo yọ mẹ́tàdínlógún kúrò nínú mẹ́tàlélógún nínú orí mi, mẹ́fà náà ló kù.

"Sabotage!" Victorin ti ṣí káyé rẹ̀. "Wò ó, trois dix-sept, ohun tí mo gbọ́ ni mo kọ. Ta ló pe nọ́ńbà yìí?"

Mo la ẹnu. Fádípẹ̀ gbé ọwọ́ lé mi léjìká.

"Ẹnu mi ló ti kọ́kọ́ jáde," ó wí.

"Ohun ìní ará ìlú lo bà jẹ́ yìí, camarade! N ó kọ rapport!"

"Kọ ọ́," Màmá Scholastique dáhùn láti ẹnu ilẹ̀kùn. "Gbé àga wá sábẹ́ ibi tí kò lórùlé yìí, kí o jókòó kọ ọ́. Òjò ń bọ̀ wá bá ọ tẹ òǹtẹ̀ sí i."

Àrìnpé ti gbé oúnjẹ wá fún wa. Ó dúró ti àwo náà, ọwọ́ kan lẹ́yìn ìbàdí, ó ń wo ojú ọ̀run láàárín àwọn igi.

"Bàbá," ó rọra bi ọkọ rẹ̀, "ṣé Àjàṣẹ́ náà ni?"

Fádípẹ̀ gbé téèpù sílẹ̀. Ó jókòó sórí ògiri kékeré, ó ń wo páànù tí èmi àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣì gbé dání. Ọwọ́ ti ń ro mí.

"Ògúnrìndé, ẹ má gbé orí rẹ̀ kúrò. Ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè."

A gbé e.

"Díẹ̀ sí i. Díẹ̀ sí i. Ó tó!"

Bí a ṣe ń gbé ẹsẹ̀ páànù sókè ló ń yọ síta. Nígbà tó ní ó tó, etí rẹ̀ ti bá etí igi dọ́gba, òfuurufú nìkan ló kù láàárín àwọn méjèèjì. Fádípẹ̀ na ọwọ́ òsì sí àyè náà. Ọmọńdinrín wà lórí igi, àtàǹpàkò kan páànù. Ọwọ́ kan gbáko.

"Òpó ló kúrú," ó wí. "Páànù kò kúrú."

Ó gé ìrókò mẹ́rin ní ọwọ́ kan kan, ó fi wọ́n lé orí òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì gbé igi ìsàlẹ̀ gùn wọ́n. Èmi ń mọ ẹ̀gbẹ́ ògiri. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, páànù méjèèje ti jókòó. Victorin wá yẹ̀ ẹ́ wò, ó wọ abẹ́ rẹ̀ lọ, ó jáde. "Bon," ló wí. A kò gbọ́ nípa rapport mọ́.

Nígbà tí a ń kó irinṣẹ́, mo sọ fún un. "Ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo ṣì yín gbọ́."

"Mo mọ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò fi sọ ọ́?"

"Ṣé yóò mú páànù gùn?"

Ọ̀rọ̀ tó sọ lórí rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. Ṣùgbọ́n títí tó fi kú, bí mo bá ti yọ lójú ọ̀nà ilé rẹ̀, yóò ké láti ibi iṣẹ́ pé, "Ògúnrìndé! Ṣé ó lé ni, àbí ó dín?" Ẹni tí kò mọ̀ a rò pé ọ̀rọ̀ ọjà ni.

Ó fẹ́ di àyè ọwọ́ kan náà pa. Màmá Scholastique ní kí ó fi sílẹ̀, atẹ́gùn ń gba ibẹ̀ wọlé. Ó kàn fi àwọ̀n ẹ̀fọn sí i. Àyè náà ṣì wà níbẹ̀ dòní.

Ọjọ́ kẹsàn-án tí a parí òrùlé ni ọmọ mú Àrìnpé. Ọ̀sán ni, òjò ńlá ń rọ̀. Yàrá ìgbẹ̀bí ti kún, inú ilé onídíńgí ni wọ́n tẹ́ ẹ sí. Èmi àti Fádípẹ̀ dúró síta lábẹ́ etí òrùlé, a fara ti ògiri. Páànù lásán ì bá máa pariwo, a kì bá gbọ́ nǹkan kan. Páànù oníbúrẹ́dì yẹn kò pariwo. Òjò ń lu ilẹ̀ níwájú wa, òkè dákẹ́ rọ́rọ́. Fádípẹ̀ na ọwọ́ òsì, ó fi í mọ́ àyè yẹn bí ẹni ń wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ibẹ̀ ni igbe ọmọ gbà jáde sí wa. Ó mú ṣáṣá.

Ó dúró bẹ́ẹ̀, kò yọ ọwọ́ kúrò.

"Ó lé," ó wí.

"Kí ló lé, Ẹ̀gbọ́n?"

"Àwa ni. A fi ẹyọ kan lé."