Orí Ìyàwó Ọládépò

Nọ́ọ̀sì Marufat kì í sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ẹni tó bá ń wá nọ́ọ̀sì tí yóò máa rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, kó gba ibòmíràn lọ. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ilé ààfáà Mùsùlùmí ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti ń ṣiṣẹ́, nínú wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ń fa oògùn jẹjẹrẹ sí aláìsàn lára. Òun ló ń gbé abọ́ sí wọn lẹ́nu bí èébì bá dé, òun ló ń fi aṣọ tútù nù wọ́n lójú, òun náà ló sì ń jágbe mọ́ wọn bí wọn ò bá jẹun.

"Ẹ jẹ ẹ́! Àbí ẹ fẹ́ kí n bá yín jẹ ẹ́ ni?"

Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì jẹ ẹ́.

Ìbùkúnọlá, abilékọ ọ̀dọ́ kan tó ń yan gààrí ní Ìkòyí-Ilé, wà lára wọn. Ọmú rẹ̀ ni jẹjẹrẹ náà wà, oògùn sì ti ń ràn án, nítorí kókó inú ọmú náà ti ń kéré sí i. Marufat ti sọ gbogbo ohun tó yẹ kó mọ̀ fún un: ẹnu tó máa ń ṣe egbò, ibà tí kò gbọ́dọ̀ fi falẹ̀. Nígbà tí irun bẹ̀rẹ̀ sí í re, tó ń kún orí ìrọ̀rí, tí ọmọbìnrin náà ń sunkún, Marufat mú abẹ.

"Àbúrò mi, jẹ́ ká fá a dànù. Kó yéé bà ọ́ nínú jẹ́."

Ó fá a mọ́ féfé. Inú rẹ̀ dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí ọjọ́ oògùn tún pé, Ìbùkúnọlá kò wá. Wọ́n pè é lórí fóònù, kò gbé e. Ara Marufat kò gbà á. Lọ́jọ́ ìsinmi rẹ̀, ó gun ọ̀kadà lọ sí Ìkòyí-Ilé, ó bi àwọn ènìyàn títí ó fi dé ilé náà. Ìyá ọkọ Ìbùkúnọlá, Ìyá Dépò, ló bá níta, tó ń bó ẹ̀gẹ́. Ọládépò ọmọ rẹ̀, ọkọ ọmọbìnrin náà, jókòó nítòsí, ó dorí kodò.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Èmi ni nọ́ọ̀sì…"

"Ìwọ lo fá orí ìyàwó wa?" Ìyá náà kò dá ọ̀bẹ dúró. "Ọkọ rẹ̀ ń jẹ, ó ń mu, o wá fún un lórí opó. Ta ló kú? Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Kò ní í jáde títí irun náà á fi hù."

Nílé àwọn Marufat l'Ọ̀yọ́, opó kì í fárí, aṣọ ọ̀fọ̀ tí àwọn Mùsùlùmí ń pè ní tákàbà nìkan ló ń wọ̀. Kò tiẹ̀ wá sí i lọ́kàn rí pé ẹnìkan lè rí orí fífá bí orí opó. Ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀, ó ṣàlàyé pé irun ọ̀hún ì bá ti re dànù nítorí oògùn náà.

"Ẹ jẹ́ kó hù díẹ̀ ná, Àǹtí," ni Ọládépò wí.

Ìbùkúnọlá yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó so ìborùn bo orí títí dé ìpéǹpéjú. Ibẹ̀ ni sùúrù Marufat ti tán.

"Jẹjẹrẹ ò mọ̀ ọ́n dúró de irun! Bí ìyàwó yín bá kú ńkọ́? Ta ni yóò fárí nítorí tirẹ̀? Ọkùnrin kì í fárí nítorí aya. Ẹ máa sin ín ni, ẹ ó sì fẹ́ òmíràn!"

Ìyá Dépò gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Jáde nílé mi."

Lórí ọ̀kadà, omi ń bọ́ lójú Marufat. Ó bínú sí ìyá náà, ó bínú sí Ọládépò tó jókòó bí ẹrù, ó sì bínú sí ara rẹ̀ ju gbogbo wọn lọ. Ta ní í pe ikú sínú ilé onílé, tí yóò tún máa retí kí wọ́n gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu?

Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Àwọn aláìsàn yòókù mọ̀ pé inú ń bí i, wọ́n ń jẹun láìjẹ́ pé ó jágbe.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ilẹ̀kùn wọ́ọ̀dù ṣí. Ìyá Dépò ló kọ́kọ́ wọlé, Ìbùkúnọlá tẹ̀ lé e. Marufat fọwọ́ kan ọmú náà: kókó náà ti tún ń tóbi.

"Irun ti wá hù, àbí?"

"Ó hù," ni Ìyá Dépò dáhùn. Ó tú ìborùn lórí ìyàwó rẹ̀. Orí náà ń dán. "Èmi ni mo fá a láàárọ̀ yìí, lójú gbogbo ilé. Nígbà tí bàbá Dépò kú, wọ́n fá tèmi. Mo wá ro ọ̀rọ̀ tí o sọ lọ́jọ́ náà, pé ká ní èmi ni mo kú, òun ò ní fá tiẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ẹni tó kú nílé wa, kó wá bi mí."

Marufat fẹ́ bú u nítorí gbogbo ọ̀sẹ̀ tó ṣòfò.

"Ẹ jókòó," ló sọ, ohùn rẹ̀ le koko, ó sì ń wá iṣan lápá ọmọbìnrin náà.

Nígbà tí èébì dé, Ìyá Dépò ló gba abọ́ lọ́wọ́ Marufat.