Ohun Tí Wọ́n Pe Atukọ̀

Ní ilé ìtẹ̀wé wa, kò sẹ́ni tó ń pe obìnrin yìí ní orúkọ àbísọ rẹ̀. Màmá Kíákíá ni gbogbo wa ń pè é, látorí ọ̀gá títí dórí ẹni tó ń gbálẹ̀. Òun ló wà nídìí ẹ̀rọ tí a fi ń gé ìwé, ẹ̀rọ ńlá tí abẹ rẹ̀ gùn tó apá àgbàlagbà, ó sì ti lo ọdún mọ́kàndínlógún níbẹ̀. Bí iṣẹ́ bá tán níwájú rẹ̀, kò ní jókòó. Á bẹ̀rẹ̀ sí í to ìwé tí a ti tò, á nu ẹ̀rọ tí kò dọ̀tí, á lọ bá àwọn tó ń lẹ ẹ̀yìn ìwé, á ní, "Ẹ sún, ẹ jẹ́ n bá yín ṣe díẹ̀." Oúnjẹ ọ̀sán pàápàá, orí ìdúró ló ti máa ń jẹ ẹ́. Nígbà tí dókítà sọ fún un pé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ga jù, pé àfi kó yáa sinmi, ohun tó bi dókítà ni pé, "Ìsinmi ọ̀hún, ṣé kí n tó jẹun ni kí n máa lò ó, àbí lẹ́yìn oúnjẹ?"

Ọ̀gá wa ló fipá lé e lọ ìsinmi oṣù kan. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní òkè òkun, ṣètò ìwé ìrìnnà fún un, ìyá sì bá ọkọ̀ òfuurufú lọ. Àjà kẹrin ni ilé ọmọ náà wà. Yàrá méjì ni, pẹ̀lú ilé ìdáná tí èèyàn méjì ò lè jọ dúró sí, àti fèrèsé kan tó kọjú sí ògiri ilé ẹlòmíì. Àárọ̀ kùtùkùtù lọmọ ti máa ń jáde. Màmá á fọ ohun tó mọ́, á tún un fọ̀. Á sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, á tún gùn ún padà. Ó ti ka ìgbésẹ̀ rẹ̀, méjìdínlọ́gọ́rin ni. Lọ́jọ́ kẹfà, ọmọ wọlé, ó bá ìyá rẹ̀ láàárín gbogbo ẹ̀wù òun ọmọ tí ìyá ti tú sílẹ̀, tó ń tún bọ́tìnnì tí kò já rán.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́," ọmọ ní, "kí ni kí n ṣe fún yín gan-an?"

"Fún mi níṣẹ́ ṣe."

Ọmọ rẹ́rìn-ín, ó jókòó tì í. "Ẹ ti sọ fún mi rí pé ẹ máa ń tẹ̀ lé bàbá yín lọ pẹja lódò nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé. Ṣé ẹ ṣì lè ju ìwọ̀ sómi?"

Màmá gbé ojú kúrò lára bọ́tìnnì. "Ta ló sọ pé mi ò lè jù ú?"

Bó ṣe di pé ọmọ bá a gba àyè nìyẹn nínú ọkọ̀ ojú omi kékeré kan tó máa ń kó àwọn àlejò lọ pẹja láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Lọ́jọ́ tó máa lọ, òtútù mú gan-an. Ó wọ kóòtù ọmọ rẹ̀ tó gùn dé orúnkún, ó fa fìlà kóòtù náà borí, ó wá fi ìborùn wé ẹnu àti imú. Ojú méjì péré ló kù síta.

Òun ló kọ́kọ́ dé etíkun. Atukọ̀ jẹ́ ọkùnrin tín-ín-rín kan tó ti ń lọ bí ọmọ ọgọ́ta ọdún, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú ju ìkejì lọ, ó sì máa ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan bó bá ń rìn. Èdè ìlú náà ni wọ́n fi kí ara wọn. Màmá gbọ́ ọ dé àyè kan, torí a máa ń fi èdè náà tẹ̀wé. Ọkùnrin náà di ọwọ́ rẹ̀ mú wọnú ọkọ̀, ó fi ìjókòó kan hàn án lápá iwájú.

"Ibí ni kí ẹ jókòó sí," ó ní. "Ibí lẹja ti máa ń jẹun jù."

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni Màmá gbọ́ èdè wa. Ó ní àyà òun sọ fún ayọ̀. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tó ti lò níbẹ̀, yàtọ̀ sí ọmọ rẹ̀, kò tíì gbọ́ ẹni kan ṣoṣo tó sọ ọ́. Ọkùnrin méjì àti obìnrin kan ló ń bọ̀ lórí afárá onípákó. Èyí tó ṣáájú sanra, ó fi gíláàsì dúdú bojú. Ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ń tẹ̀ lé wọn. Màmá ti gbé ọwọ́ sí ìborùn kó tú u, kó kí wọn. Ìgbà náà ni Onígíláàsì sọ̀rọ̀.

"Ẹ wo atukọ̀ wa! Atiro ni!"

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Onígíláàsì juwọ́ sí atukọ̀, ó fi ẹ̀rín músẹ́ kígbe pé, "Atiro! Atiro wa, ẹ káàárọ̀ o!"

Atukọ̀ rò pé wọ́n ń kí òun ni. Ó fọwọ́ kan fìlà rẹ̀, òun náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Atiro! Atiro!"

Ọwọ́ Màmá wá sílẹ̀ láìtú ìborùn.

Onígíláàsì wọnú ọkọ̀, ó wo ibi tí Màmá jókòó sí, ó sọ fún un lédè ìlú náà pé ibẹ̀ làwọn fẹ́, kó lọ sẹ́yìn. Ó wá yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ní, "Jẹ́ kí ìyá arúgbó yìí lọ fara pamọ́ sẹ́yìn lọ́hùn-ún. Kí ló fẹ́ fi ẹja ńlá ṣe? Ṣé eyín kù lẹ́nu ẹ̀ ni?"

Màmá dìde, ó lọ sẹ́yìn. Títí dòní, kò lè sọ fún wa ohun tó jẹ́ kóun dìde. Màmá Kíákíá tí mo mọ̀, tí ọ̀gá wa alára kì í lè gba àga lọ́wọ́ rẹ̀!

Wọ́n dé ojú agbami. Onígíláàsì tan orin sókè láti inú fóònù. Atukọ̀ rọra bẹ̀ ẹ́ pé kó dín in kù nítorí ẹja. Onígíláàsì tún gbé e sókè sí i. Wọ́n mu ohun tí wọ́n gbé dání, wọ́n ń sọ ìgò sómi. Bí atukọ̀ bá ti ń lọ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ọ̀dọ̀ ẹnì kejì, tó ń bá wọn fi ìjẹ sẹ́nu ìwọ̀, ọ̀rẹ́ Onígíláàsì á dìde lẹ́yìn rẹ̀, á máa tiro bíi tirẹ̀, á na imú sókè.

"Ẹ fi ọkùnrin yìí sílẹ̀ jàre," ìyàwó sọ. "Iṣẹ́ ẹ̀ ló ń ṣe."

"Ṣé ó gbọ́ ni?" ọkọ rẹ̀ dá a lóhùn.

Màmá ò lè dúró sójú kan. Ó ju okùn sómi, ó fà á jáde, ó tún ìjẹ dè, ó tún un jù. Ó bọ́ sápá ọ̀tún ọkọ̀, ó padà sósì. Ọ̀rọ̀ ń wá sí i lẹ́nu, ó ń gbé e mì. Ó yẹ kó ti sọ̀rọ̀ láti etíkun. Ní báyìí, wákàtí kan ti kọjá, ó ti wá dà bí ẹni tó ń yọ́ gbọ́rọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bó bá lanu báyìí, kí ló máa ní òun ti ń ṣe látàárọ̀? Ìtìjú ń mú un nítorí tiwọn, ó tún ń mú un nítorí ara rẹ̀. Nígbàkigbà tí wọ́n bá pe "Atiro", tí ọkùnrin náà sì jẹ́ é tẹ̀rín-tẹ̀rín, ńṣe ló máa ń dà bíi pé wọ́n gún òun lábẹ́rẹ́.

Ìgbà yẹn ni ọ̀pá ìpẹja rẹ̀ tẹ̀ gbọ̀rọ̀gbọ̀rọ̀. Ẹja ti gbé ìwọ̀! Ó fẹsẹ̀ múlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á bọ̀, díẹ̀díẹ̀, bí bàbá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Kó tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, Onígíláàsì ti fò dé, ó já ọ̀pá gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ké sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, "Ya fọ́tò mi, tètè! Ọwọ́ ìyá yìí ń gbọ̀n, ẹja ìbá ti lọ."

Màmá tú ìborùn kúrò lẹ́nu.

"Dá ọ̀pá mi padà," ó ní, lédè wa.

Ọkùnrin náà wò ó bí ẹni pé ọkọ̀ ló fọhùn.

"O ò gbọ́ ni? Mo ní dá ọ̀pá mi padà. Ọwọ́ mi ò gbọ̀n. Eyín mi náà sì pé."

Ó dá a padà. Màmá fa ẹja náà títí tó fi yọrí, atukọ̀ fi àwọ̀n gbé e wọlé. Ẹja ńlá ni, ikùn rẹ̀ funfun, ó ń janra rẹ̀ mọ́lẹ̀ ọkọ̀. Kò sí ẹni tó ya fọ́tò. Ọ̀rẹ́ Onígíláàsì ti dọ̀bálẹ̀ sínú omi tó wà nílẹ̀ ọkọ̀, ìyàwó ti wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá wa, ẹ má bínú sí wa," Onígíláàsì ń bẹ̀ ẹ́. "A ò mọ̀ pé ará ilé ni yín, mà."

"Tí mi ò bá wá jẹ́ ará ilé ńkọ́?"

Atukọ̀ dúró pẹ̀lú àwọ̀n lọ́wọ́, ó ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó rò pé ayọ̀ àwọn ará ìlú kan náà tó pàdé ara wọn lókèèrè ni, ó bá ń pàtẹ́wọ́ fún wọn.

Bí wọ́n ṣe gúnlẹ̀ báyìí, atukọ̀ sún mọ́ Màmá. "Ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "látàárọ̀ ni wọ́n ti ń pè mí ní Atiro. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀ lédè yín?"

Onígíláàsì bọ́ gíláàsì rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. Ojú rẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń wo ilẹ̀.

"Ọ̀gá ni," Màmá dáhùn. "Ọ̀gá ọkọ̀."

Ó ní ó ya òun lẹ́nu bí ẹnu òun ṣe yá tó. Ẹnu tí kò lè sọ òótọ́ látàárọ̀ wá pa irọ́ bí ẹni tó ti kọ́ ọ sórí.

Inú atukọ̀ dùn kọjá sísọ. "Ọkọ̀ mi ò lórúkọ rí," ó ní. "Atiro! Màá kọ ọ́ sí i lára."

Nígbà tí Màmá délé, ọmọ rẹ̀ ń yin ẹja, òun ń rìn láti ilé ìdáná dé ẹnu fèrèsé. Ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Irọ́ kékeré ni, Màmá. Ẹ fẹ́ gba ọkùnrin yẹn lọ́wọ́ ìbànújẹ́ ni. Ẹ gbàgbé ẹ̀."

"Àwọn wo gan-an ni mo gbà là? Ṣé òun ni, àbí àwọn? Ó fẹ́ kọ ọ́ síta! Gbogbo ará ilé wa tó bá débẹ̀ ló máa kà á, tí wọ́n á máa fi í rẹ́rìn-ín, òun á sì máa bá wọn rẹ́rìn-ín."

Ní ti ìyẹn, ìyá tó ti lo ọdún mọ́kàndínlógún láàárín ìwé mọ ohun tó ń sọ. Kò fojú ba oorun dáadáa. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ ní kó ṣe sùúrù, ó ṣe é di ìrọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, ó wọ bọ́ọ̀sì méjì, òun nìkan, ó lọ sí etíkun.

Wọ́n ti fa ọkọ̀ gòkè sórí iyanrìn. Atukọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì àti ọ̀dà búlúù. Ó ti kọ A, T, I àti R, lẹ́tà ńlá-ńlá tó gún régé. Ó rí Màmá, ojú rẹ̀ yọ̀.

"Ẹ wá wò ó! Ṣé bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn?"

"Ẹ dúró," Màmá ní. "Ẹ má kọ èyí tó kù." Ó wá sọ ọ́, pẹ̀lú ìwọ̀nba èdè tó gbọ́, kò fi ọ̀kan pamọ́ síkùn: ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà, ohun tí ọ̀rẹ́ Onígíláàsì ń ṣe lẹ́yìn rẹ̀, àti pé òun gbọ́ gbogbo rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ọkùnrin náà gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ó jókòó sórí iyanrìn.

"Irú wọn máa ń wá," ó ní. "Ó ti mọ́ mi lára. Ṣùgbọ́n àwọn kọ́ ni mo bi ní ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin ni mo bi."

Màmá kúnlẹ̀. Kò bìkítà bóyá wọ́n ń kúnlẹ̀ nílùú yẹn tàbí wọn kì í kúnlẹ̀. Ọkùnrin náà sáré gbé e dìde, ara rẹ̀ ò lélẹ̀, ó ń wò yí ká bóyá àwọn èèyàn ń wò wọ́n. Lẹ́yìn náà ló mú àkísà méjì àti epo tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà, ó fún Màmá ní ọ̀kan. Àwọn méjèèjì jọ nu lẹ́tà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, Màmá bi í bóyá wọ́n lè jọ jáde lọ pẹja. Ọkùnrin náà ní omi ò dára lọ́jọ́ náà. Bẹ́ẹ̀ omi náà tẹ́jú rẹrẹ bíi tábìlì.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Màmá ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́, ọjọ́ tó máa padà sílé ku mẹ́ta, nígbà tí fóònù ọmọ rẹ̀ dún. Atukọ̀ ni. Ó ní ẹja ti ń wọ́ sí etí òkúta kan tí òun mọ̀, bí ìyá bá fẹ́ wá. Ìyá ti wọ kóòtù kí ọmọ tó sọ ọ́ tán.

Àwọn méjì péré ló lọ. Ìjókòó iwájú ni ọkùnrin náà fún un. Ó bá a tún okùn ṣe, ó nawọ́ sí ibi tó yẹ kó jù ú sí, ó fi omi gbígbóná fún un mu nítorí òtútù. Wọ́n pa ẹja márùn-ún. Nígbà tí Màmá máa lọ, atukọ̀ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní kó gúnlẹ̀ láyọ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó padà sẹ́nu iṣẹ́ ló ń sọ gbogbo èyí fún mi, nídìí ẹ̀rọ, láàárín ìwé tó ń gé. Mo ní, "Màmá, ṣebí ó ti dárí jì yín nìyẹn."

"Ó dárí jì mí," ó ní. "Láti àárọ̀ títí dọ̀sán tí a jọ wà lórí omi, kò ṣe mí ní nǹkan kan tí kò dáa. Àmọ́ kò tún bi mí ní ìtumọ̀ ohunkóhun mọ́."

Ó wo ojú mi díẹ̀ bí ẹni pé mo lè rí èsì kan fún un. Ó bá fa ìdì ìwé mìíì sábẹ́ abẹ.