Abẹ Kọ́ Ló Pa Bọ̀dá Mi

Òórùn ẹja díndín gba gbogbo wọ́ọ̀dù kan ní ilé ìwòsàn tí bọ̀dá mi wà ní Oniru, lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Alájì tó ń ta táyà ní Ajah, ọkùnrin abikùn-ńlá tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì, ni ìyàwó rẹ̀ gbé e wá fún. Ó ń jẹ ẹ́, ó ń pọ́n ọwọ́ lá. Bọ̀dá mi, tí wọ́n fi rọ́bà oúnjẹ sí nímú, dojú kọ ọ́, wọn ò ṣẹ́jú.

Ohun kan náà ló gbé àwọn méjèèjì débẹ̀. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tó tóbi jù lọ, èyí tó ti inú ọkàn jáde, ló ya. Dókítà kan náà ló là wọ́n láyà ní pàjáwìrì, tó gé ibi tó ya, tó sì rán òmíì rọ́pò rẹ̀. Nígbà tó ṣe ti bọ̀dá mi tán, tó jáde sí wa, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ dúpẹ́, wọ́n ti bọ́." Mo jó ní kọ́rídọ̀.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ni bọ̀dá mi ní tẹ́lẹ̀. Alàgbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun wọn ló ní kí wọ́n pa oògùn tì, kí wọ́n máa gbààwẹ̀. Oṣù ń wọ oṣù, ẹ̀kọ tútù àti omi ni wọ́n fi ń ṣínu. Mo lọ bá wọn ní fúláàtì wọn ní Jakande, mo bẹ̀ wọ́n títí.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹun."

"Fọkàn balẹ̀, àbúrò mi. Ṣé o ò rí bí ara mi ṣe fúyẹ́ ni?"

Ṣòkòtò ń yọ̀ nídìí wọn, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń kí wọn kú oríire. Àfi ìgbà tí ìrora gún wọn lẹ́yìn láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, bí ìgbà tí èèyàn fa aṣọ ya.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ojú ọgbẹ́ Alájì ń jiná. Ti bọ̀dá mi ń ṣomi, ẹsẹ̀ wọn wú, egungun àyà wọn kọ̀, kò so pọ̀. Mo bi dókítà pé kí ló yẹ ká ṣe tí a ò ṣe.

"Madam, ibi tí mo rán ò tú. Ohun tí ara bá ti kó pamọ́ ló fi ń wo ara rẹ̀ sàn. Ti bọ̀dá yín ti tán kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. À ń fún wọn lóúnjẹ báyìí, àmọ́ ó ti pẹ́."

Ìgbà yẹn gan-an ni ebi tí wọ́n ti sé mọ́lé jí. "Àbúrò mi, bù fún mi nínú ẹja yẹn." Nọ́ọ̀sì ní rárá, pé ó lè gba ọ̀nà èémí lọ. Alájì gbọ́. Ó bo abọ́ rẹ̀, ó kọjú sí ògiri. Láti ọjọ́ náà, ìta ló ti ń jẹun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìrìn ń ni ín lára.

Ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sílé. Bọ̀dá mi kú sórí bẹ́ẹ̀dì yẹn. Ọkùnrin méjì péré ló gbé pósí wọn dé ibojì, ó fúyẹ́ débi pé mímí wọn ò yí padà. Alàgbà náà dìde, ó ní, "Ṣé ẹ rí i? Abẹ ló pa á."

"Ebi ni," ni mo wí. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ní ọ̀fọ̀ ló ń dà mí láàmú.

Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ò tù mí nínú. Ara ò mọ ìyàtọ̀ láàárín ààwẹ̀ àti ìyàn. Ohun tí a bá fi dù ú, kì í torí rẹ̀ bá wa jà lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ tí a bá ní kó gbà wá là ló ń bèèrè rẹ̀.