Ọjọ́ Tí Mo Bó Téèpù Lára Àǹtẹ́nà Mi

Ọjọ́ tí mo lọ dáhùn ìbéèrè lórí iṣẹ́ àṣekágbá mi ní yunifásítì kò lè kúrò lọ́kàn mi. Àǹtẹ́nà pẹlẹbẹ ni mo ṣe, bàbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lórí pátákó kékeré, tí yóò máa gba Wáí-Fáì.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, nílé wa ní Kémta, mo rí i pé bàbá mi ti fi sẹ́lótéèpù wé e, bí wọ́n ṣe wé rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n wa.

"Kí òjò má bàa bà á jẹ́," ni wọ́n wí.

Mo rò pé kò séwu, nítorí iná kì í gba inú téèpù kọjá.

Nígbà tí a so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń wọn ìgbì níwájú àwọn olùdánwò, ibi tí ìlà ojú ẹ̀rọ náà ti tẹ̀ wọlẹ̀, tó ń fi ìgbì tí àǹtẹ́nà ń gbà hàn, bọ́ sápá òsì ibi tí mo ṣírò. Mo wo téèpù ara àǹtẹ́nà náà.

"Èyí kò bá ìwé rẹ mu," ni olùdánwò àgbà wí. "Ṣé ìwọ lo ṣe é?"

"Èmi ni, sà. Téèpù yìí ni mo fura sí. Iná kì í gbà á kọjá, ṣùgbọ́n ó lè sún ìgbì àǹtẹ́nà sápá òsì. Bí mo bá bó o, ìlà náà yóò padà sápá ọ̀tún."

"Bí kò bá padà ńkọ́?"

"Á jẹ́ pé ìṣirò mi ni kò tọ̀nà, sà."

Mo rọra bó o, kí bàbà má bàa bá a ṣí. Nígbà tí mo ṣe tán, ìlà náà ti sún síbi tí mo kọ sínú ìwé.

Olùdánwò náà rẹ́rìn-ín. "Ìwọ lo ṣe é lóòótọ́. O ti yege."

Mo pe bàbá mi lójú ẹsẹ̀ pé mo yege.

"Mo mọ̀!" ni wọ́n wí. "Ṣé wọ́n rí bí mo ṣe wé e dáadáa?"

"Wọ́n rí i, sà."