Ọjọ́ Tí Ìyá Mi Wọ Ríǹgì

Iṣẹ́ mi ni kí wọ́n máa gbé mi ṣánlẹ̀. Mi ò ga ju èjìká ọ̀pọ̀ ọkùnrin lọ, nítorí ìyẹn gan-an ni wọ́n ṣe gbà mí sídìí ìjàkadì: òmìrán kan á gbé mi sókè, èrò á pariwo, màá ṣubú, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Èmi ni abẹ́rẹ́ tí adìẹ ń mì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo sì fẹ́ràn iṣẹ́ náà débi tí mi ò lè ṣàlàyé.

Ìyá mi nìkan ni mi ò fẹ́ kó rí mi níbẹ̀. Àdín àgbọn ló ń tà ní Àgbádárìgì. Ó mọ̀ pé mò ń jà, kò mọ̀ pé àdéhùn ni ìjà wa. Tó bá rí i, tó ní kí n fi í sílẹ̀, mi ò ní lè kọ̀ sí i lẹ́nu.

Lọ́jọ́ kejì Iléyá, a jà ní pápá kan ní Ìbẹ̀rẹ̀kó. Ọmọ Èkìtì gìrìwò kan tó ń gbé Morogbo ni mo bá jà, ọ̀rẹ́ mi tímọ́tímọ́ ni. Aládùúgbò wa kan ti mú ìyá mi wá láìsọ fún mi, ó rò pé inú mi á dùn. Òkè lọ́hùn-ún tí ọ̀rẹ́ mi gbé mi sí ni mo ti rí gèlè ìyá mi láàárín èrò. Bí ẹ̀yìn mi ṣe kanlẹ̀ báyìí, ìyá mi ti gba abẹ́ okùn ríǹgì wọlé.

Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kúnlẹ̀ síwájú ọ̀rẹ́ mi, ó ń fi Ègùn, èdè wa, bẹ̀ ẹ́. "Ovi ṣie wẹ." Ọmọ òun ni mí. Ọ̀rẹ́ mi ò gbọ́ Ègùn, ṣùgbọ́n wọ́n kọ́ ọ nílé: ìyá arúgbó ò lè wà lórí ìkúnlẹ̀ kí òun wà lóòró. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Rẹfirí wo ọ̀tún, ó wo òsì, ló bá gbé ọwọ́ mi sókè. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo borí nìyẹn. Mo rẹ́rìn-ín títí, ó sì di ẹkún mọ́ mi lójú.

Lẹ́yìn náà, a ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un. Mò ń retí kó ní ó tó. Ó ní kí ọ̀rẹ́ mi gbé mi kí òun rí i. Ìyẹn gbé mi, ó sì tẹ́ mi sílẹ̀ bí a ṣe máa ń ṣe é. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wo ọwọ́ ọ̀rẹ́ mi, ó wá fi Yorùbá bi í.

"Ṣé orí ẹ̀ lo dì mú yẹn?"

"Orí ẹ̀ ni, mà. Ọwọ́ mi ló máa ń kọ́kọ́ kanlẹ̀."

Ìyá mi wá sọ pé oṣù mi ò pé tí òun fi bí mi, pé bí òun ṣe máa ń di orí mi mú tí òun bá ń wẹ̀ mí nìyẹn, òun ò sì jẹ́ kí ẹlòmíì gbé mi. Ó di ọwọ́ ọ̀rẹ́ mi mú.

"Máa bá mi gbé e," ló wí.