Ilé Tó Ń Pe Èèyàn Lórúkọ

Ní ìparí ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Gánà ní kí àwọn àlejò kó ẹrù wọn kí wọ́n máa lọ sílé, ọ̀rẹ́ mi kan tí mo ti rò pé a kò tún ní í fojú kan ara wa mọ́ láyé sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ akẹ́rù níwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìjúrin. Ó gbé ọmọ kan sí èjìká, ìyàwó rẹ̀ pọn òmíràn, ọmọbìnrin wọn àgbà sì ru àwọn agolo tí wọ́n fi ń yan búrẹ́dì. Irun iwájú orí rẹ̀ ti funfun. Èmi náà ti ń pá lórí. Ọdún méjìlélógún ni a ti ríra kẹ́yìn, a sì dúró, à ń wo ara wa bí ẹni tí wọ́n ṣì lọ́nà.

Iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ni mò ń ṣe nígbà náà. Èmi, òun àti ọ̀rẹ́ wa kẹta, Mùsùlùmí kan tó ń ra kòkó láàárín Ìjúrin àti Ìjerò, ni a jọ dẹ pàkúté òkété dàgbà. Yàrá kan ni mo rí fún òun àti ìdílé rẹ̀ nílé mi. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, bí a ti ń jẹun, ó ní òun fẹ́ tún ilé bàbá òun ṣe kí àwọn kó síbẹ̀. Ìyàwó mi kàn gbé àwo ọbẹ̀ kúrò nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ a kò tíì jẹun tán.

Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ilé náà nígbà tí kòkó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mówó wọlé: ilé alámọ̀ onípáànù, yàrá mẹ́fà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn láàárín wọn. Nígbà tí bàbá kú, ìyá rẹ̀ ń gbé ibẹ̀, orogún ìyá rẹ̀ tó kéré sí i sì ń gbé inú ilé kékeré tó wà lẹ́yìnkùlé. Ọ̀rẹ́ mi lọ sí Gánà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí ìyá rẹ̀ lọ sóko. Kò dágbére. Lẹ́tà méjì péré ló kọ, èmi ni mo sì ka méjèèjì fún ìyá náà. Lẹ́yìn ìyẹn, kò kọ mọ́. Ìyá kú ní bí ọdún mẹ́wàá ṣáájú ìgbà tí mò ń sọ yìí. Kí ìròyìn tó dé etí ọmọ, koríko ti hù lórí sàréè.

Kò tó oṣù mẹ́ta tí a sin ín tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn. Ọ̀sán gangan ọjọ́ ọjà ni, nígbà tí àdúgbò bá dá. Ohùn obìnrin a jáde láti inú ilé tí wọ́n ti tì pa, a pe orúkọ ọ̀rẹ́ mi lẹ́ẹ̀mẹta, a sì dákẹ́. Mọ̀lẹ́bí kan tó kó iṣu rẹ̀ síbẹ̀ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan péré. Iṣu náà hù, ó sì rà, kò padà wá kó o. Ulé Olóhùn, ìyẹn ilé tó ní ohùn, ni àwọn ọmọdé ń pe ibẹ̀. Èmi tí mò ń ka Bíbélì fún ìjọ lọ́jọ́ ìsinmi, tí mo sì máa ń sọ fún wọn pé òkú kò mọ ohun kan, ọdún mẹ́wàá ni mo fi gba ọ̀nà ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì lọ sílé kí n má baà kọjá níwájú ilé yẹn.

Mo ro gbogbo rẹ̀ fún ọ̀rẹ́ mi, n kò fi ìkankan pamọ́. Ó ń fi ìka fa ilà lórí tábìlì títí mo fi sọ̀rọ̀ tán.

“Bó bá jẹ́ ìyá mi ni,” ó ní, “ẹ̀rù kọ́ ló yẹ kó bà mí. Ojú ni yóò tì mí.”

Gánà ni wọ́n ti bí ìyàwó rẹ̀, Yorùbá rẹ̀ sì máa ń dún bí ẹni ń kọrin. Kì í sábà dá sí ọ̀rọ̀ wa, ṣùgbọ́n ó sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. “Ilé tí a ti kúrò kò ní iwin kankan, síbẹ̀ wọ́n lé wa jáde. Bí èyí bá ń pè wá, ẹ jẹ́ ká lọ.”

Ọ̀rẹ́ wa kẹta kò gbà rárá. Ó ní òun yóò bá a wá ilẹ̀ lọ́nà Àrà, kó kọ́ yàrá méjì síbẹ̀ ná. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí ilẹ̀ fi ṣú. Àmọ́ nígbà tí a dé iwájú ilé náà láàárọ̀ ọjọ́ kejì, òun ni a bá níbẹ̀, ó gbé ọkọ́ lé èjìká. Ó ní òun kò tíì gbà o, òun kàn wá wò ó ni.

Àgádágodo ti dípẹtà. Mo fi òòlù já a. Ọ̀rẹ́ wa kẹta ṣe bísímílááhì, ó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún wọlé, ó sì dúró sí ẹnu ọ̀nà ní tirẹ̀. Àwọn àdán bẹ̀rẹ̀ sí í fò lórí wa. Ikán ti jẹ igi àjà yàrá méjì, òjò ti fọ ògiri kan wó, ewéko sì ti hù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Gbogbo èyí kò yà wá lẹ́nu. Yàrá ìyá rẹ̀, tó kángun sí ẹ̀yìnkùlé, ni ó dẹ́rù bà wá. Eruku fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nìkan ló wà nílẹ̀ rẹ̀. Kò sí òwú aláǹtakùn kan lára ògiri. Ẹnikẹ́ni ló lè rí i pé wọ́n ti ń gbá yàrá náà. A wo ara wa, a fa ìlẹ̀kùn rẹ̀ dé, a sì fẹnu kò pé òun ni a óò ṣe gbẹ̀yìn.

Báyìí ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ àti ọmọbìnrin wọn ń pọn omi láti odò, àwa ń gbẹ́lẹ̀, à ń fi ẹsẹ̀ po amọ̀. A kì í ṣe ọmọdé mọ́. Bí ọ̀rẹ́ mi bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di kí a fà á dìde. Orúnkún mi ń ké nígbàkígbà tí mo bá gun àkàbà, ìyàwó mi a sì fi àdí pa á fún mi kí n tó sùn. Nítorí ogun abẹ́lé tó ń lọ lọ́wọ́, ìṣó ṣọ̀wọ́n, nítorí náà ọ̀rẹ́ wa kẹta jókòó sórí òkúta láàárọ̀ títí dọ̀sán, ó ń fi òòlù na àwọn ògbólógbòó ìṣó kí wọ́n lè tọ́. Ó fi òòlù gbá ìka ara rẹ̀ ju bó ti gbá ìṣó lọ. Kò sì dẹ́kun wíwá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbà kòkó ni, tí àwọn àgbẹ̀ ń wá a kiri.

Ọjọ́ ọjà kan kọjá, òmíràn kọjá, a kò gbọ́ ohùn kankan. Ọ̀rẹ́ wa kẹta ní ariwo òòlù òun ló lé e lọ. A bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wa ṣàwàdà lé e lórí. Àwọn èèyàn tó máa ń sáré kọjá náà bẹ̀rẹ̀ sí í dúró kí wa, wọ́n ní, “Ẹ kú iṣẹ́,” ṣùgbọ́n òdìkejì ọ̀nà ni wọ́n máa ń dúró sí.

Ní ọjọ́ ọjà karùn-ún tàbí ìkẹfà, a ti kan páànù dé ìdajì òrùlé. A sọ̀kalẹ̀ láti jẹ iṣu sísè lábẹ́ igi ọ̀dán tó wà níwájú ilé. Gbogbo àdúgbò ti lọ sọ́jà, ó dákẹ́ rọ́rọ́. Nígbà náà ni ohùn obìnrin jáde láti yàrá ẹ̀yìn, ó pe ọ̀rẹ́ mi. Kì í ṣe orúkọ ilé ìwé rẹ̀ ló pè o. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ máa ń pè é ni.

Iṣu bọ́ lọ́wọ́ mi. Ọ̀rẹ́ wa kẹta ti dé ojú ọ̀nà, bàtà rẹ̀ kan ṣì wà lábẹ́ igi. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ wa pé bí ohùn tí èèyàn kò rí ẹni tó ni ín bá pè é, kó má ṣe dáhùn. Ohùn náà pè lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀rẹ́ mi dìde, amọ̀ dé orúnkún rẹ̀, ó sì dáhùn.

“Yèyé, èmi rè é. Mo ti dé.”

Kò sí ìpè kẹta. Igbe kékeré kan ni a gbọ́, àti nǹkan tó ṣubú lulẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi wọlé, mo tẹ̀ lé e. Títí di òní n kò mọ ohun tó gbé ẹsẹ̀ mi.

Orogún ìyá rẹ̀ ni a bá nílẹ̀ nítòsí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó di àyà mú, ìgbálẹ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà tí ọ̀rẹ́ mi ti dé ló ti ń béèrè rẹ̀, wọ́n sì ní ó ti lọ sí Ẹfọ̀n láti bá ọmọ rẹ̀ wẹ ọmọ tuntun. Bí a ti ń jẹun níwájú ilé ló gba ẹ̀yìnkùlé dé, kò bá ẹnì kan nílé tí yóò sọ nǹkan fún un. Ojú rẹ̀ ti ṣú, kò rí páànù tuntun.

“Ta ló dá mi lóhùn?” ó ní. “Ó tó ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń pè, kò sí ẹni tó dáhùn rí. Bó bá jẹ́ òkú ni ọ́, sọ fún mi.”

Ọ̀rẹ́ mi dọ̀bálẹ̀, ó ní òun ni. Kò gbà á gbọ́. Ó ní kó sọ ohun tí òun máa ń pè é kó tó lọ.

“Ẹ máa ń pè mí ní ọkọ yín tí kì í jẹ ẹ̀fọ́.”

Ìyá náà na ọwọ́, ó wá ojú rẹ̀ kàn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń sunkún pọ̀ mọ́ ọn. Nígbà tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó sọ fún wa pé nígbà tí ìyá ọ̀rẹ́ mi ń kú lọ, ó bẹ òun kí òun máa gbá yàrá náà ní gbogbo ọjọ́ ọjà, kí òun sì máa pe ọmọ náà lẹ́ẹ̀mẹta níbẹ̀, nítorí ọmọ tí wọn kò bá dẹ́kun pípè yóò gbọ́ lọ́jọ́ kan. Ọjọ́ tí wọ́n ti jọ ń gbé pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ohùn wọn fi jọra. Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi sọ fún ará ìlú pé òun ni.

“Ká ní mo sọ ọ́, àwọn mọ̀lẹ́bí ì bá ti ká páànù yìí pín,” ó ní. “Ẹ̀rù ló bá mi ṣọ́ ilé náà.”

Ọ̀rẹ́ mi jókòó sílẹ̀ yàrá ìyá rẹ̀, ó sì sun ẹkún tí n kò rí i sun rí láti kékeré. Mo fi àwọn méjèèjì sílẹ̀. Lóde, ọ̀rẹ́ wa kẹta ti padà wá wá bàtà rẹ̀. Nígbà tí mo ròyìn fún un, ó gbọn eruku ẹsẹ̀ rẹ̀ nù, ó ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé èèyàn ni.

Àwọn kan nílùú kò gbà wá gbọ́, wọ́n ní a ti fi nǹkan bọ ilé náà ni. Èyí kò dá iṣẹ́ wa dúró. Nígbà tí ọyẹ́ ń mú gidigidi ní oṣù kìíní, wọ́n kó wọlé. Ìyá àgbà náà kúrò lẹ́yìnkùlé, ó gba yàrá tó kọjú sí ti àwọn ọmọ. Ìyàwó ọ̀rẹ́ mi fi amọ̀ mọ ààrò ńlá sẹ́yìn ilé, ó ń yan búrẹ́dì, àwọn tó ń bẹ̀rù ilé náà tẹ́lẹ̀ sì wá ń tò sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ láàárọ̀. Ọdún mẹ́rin ni ìyá náà tún lò pẹ̀lú wọn. Ọ̀rẹ́ mi kò jẹ́ kí ó dá jẹun lọ́jọ́ kan.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé èyí tí wọ́n kó wọlé, ọkùnrin kan wá láti Àrà. Ó ní ilé bàbá òun ti wà ní títì pa láti ọjọ́ pípẹ́, pé wọ́n máa ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lórí àjà rẹ̀, òun sì gbọ́ pé àwọn àgbàlagbà mẹ́ta kan wà ní Ìjúrin tí ń tún irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe. Mo fẹ́ sọ fún un pé gbẹ́nàgbẹ́nà lásán ni mí. Kí n tó lanu, ọ̀rẹ́ wa kẹta, tó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi, ti ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ iye yàrá tó wà nínú ilé náà, àti bóyá páànù rẹ̀ ṣì dára. A lọ wò ó ní ọjọ́ Ajé.