Jáàkì Dúdú Lọ́wọ́ Àbúrò Mi

Ọ̀rọ̀ mi kì í pọ̀. Nítorí náà, ọmọ ọmọ mi, má fi tìẹ kún un. Bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kó o kọ ọ́.

Àwa mẹ́ta la máa ń ta káàdì kan, bí ẹni ń ta ayò, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ní Ọ̀tà níbí: èmi, àbúrò mi tó ń gbé Ìtèlè, àti òyìnbó Jámánì tó fẹ́ fẹ́ ọmọ mi obìnrin. Ọmọ náà á jókòó sórí àpótí, òun lá máa túmọ̀.

Èmi àti àbúrò mi ò bá ara wa sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí ìyá wa ti kú. Mùsùlùmí ni wá, òkú kì í sùn nílé wa. Iṣẹ́ òrùlé ni àbúrò mi lọ ṣe ní Adó-Odò lọ́jọ́ náà. A pè é, ó ní òun ń bọ̀, ọ̀nà ni ò dáa. Ààfáà ní oòrùn ti ń wọ̀. A sin ìyá. Nígbà tó fi máa dé, wọ́n ti ń fọ ṣọ́bìrì. Ó wo ilẹ̀, ó wò mí, ó yí padà. Láti ọjọ́ yẹn, bó bá ní ohun tó fẹ́ bá mi sọ, ẹlòmíì ló máa rán sí mi.

Bẹ́ẹ̀ ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni ọmọ mi obìnrin yìí dàgbà sí. Òun ló rán an níléèwé. Nígbà tí òyìnbó ti gba Ìsìláàmù tán, tá a ti mú Ọjọ́ Àìkú fún yìgì, ọmọ wá bá mi.

"Bàbá, bí Bàbá Ìtèlè ò bá jókòó níbẹ̀, kò sí yìgì."

"Ìwọ lò ń lọ́kọ àbí èmi?"

"Mo ti sọ tèmi, Bàbá."

Mo mọ ọmọ mi. Kò ní yí i padà.

Òyìnbó yìí, ẹ̀rọ ló wá ń tún ṣe ní ilé iṣẹ́ kan ní Sango, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ike. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ló kọ́ ọ ní Píjìn. Ó ní bàbá bàbá òun ló kọ́ òun ní káàdì yìí, Sìkáátì ni wọ́n ń pè é nílé wọn, ènìyàn mẹ́ta ló sì ń ta á. Àwa méjì ò lè ta á. Ọmọ mi bá gba Ìtèlè lọ. Ohun tó lọ sọ níbẹ̀, mi ò bèèrè. Mo kàn rí i tí àbúrò mi wọlé, tó ń wo ògiri.

"Bá mi kí bàbá ẹ," ló sọ fún ọmọ.

"Sọ fún un pé mo gbọ́."

Mo bi òyìnbó bóyá tẹ́tẹ́ ni. Ó ní, "No, Bàbá. No money. Na play." Mo ní ó dáa.

Ó wá ń kọ́ wa. Ó ní ẹnì kan á dá jà, àwọn méjì tó kù á para pọ̀ bá a jà, wọn ò sì gbọdọ̀ bá ara wọn sọ̀rọ̀. Mo wo àbúrò mi. Ìyẹn ò ní le fún wa.

Ó ní ẹni tó ń dá jà ló máa mú irú káàdì tó máa ṣe olórí. Ọba wà nínú káàdì yẹn, ìyàwó ọba wà, ọmọ ọ̀dọ̀ wọn tó ń jẹ́ Jáàkì náà wà. Ó ní Jáàkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa ń bá olórí lọ ni, irú kan náà ni wọ́n kà wọ́n sí, àwọn ló sì ń gbà lọ́wọ́ gbogbo wọn, àti ọba, àti áásì tó ga ju ọba lọ.

Àbúrò mi ní, "Ọmọ mi, bi ọkọ ẹ, irú ilé wo nìyẹn tí ọmọ ọ̀dọ̀ ti ń lu baálé?"

Òyìnbó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rín.

Òfin tó kù ni pé irú tí ẹni àkọ́kọ́ bá jù sílẹ̀, bó o bá ní irú ẹ̀ lọ́wọ́, dandan ni kó o jù ú. Bó o bá fi pa mọ́, o ti ba eré jẹ́.

A ń ta á lọ bẹ́ẹ̀, lálaalẹ́ kí wọ́n tó pe ìrun Mọ̀gáríbì. Àbúrò mi ń wá, ó ń lọ, kò bá mi sọ nǹkan kan. Ó di Ọjọ́ Jímọ̀, yìgì ku ọ̀túnla. Mo ti sọ nínú ara mi pé mo máa bi í lónìí bóyá á wá jókòó níbi yìgì. Káàdì ni mo nawọ́ sí.

Wọ́n pín káàdì, tèmi dáa. Mo ní èmi máa dá jà. Mo mú èyí tó ní ọkàn pupa ṣe olórí. Mo na áásì ẹ̀ mọ́lẹ̀. Òyìnbó ju ọkàn kékeré kan lé e. Ó kan àbúrò mi. Ọwọ́ ẹ̀ dúró. Ó fọwọ́ kan káàdì kan, ó fi í sílẹ̀, ó yọ òmíràn, ó jù ú: káàdì dúdú kan tí ò wúlò. Mo ní ha, kò lọ́kàn, kò ní Jáàkì. Mo kó o. Mo tún ju ọkàn, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó wá ku káàdì kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ wa. Àbúrò mi dojú tiẹ̀ bolẹ̀. Òyìnbó ní kó ṣí i. Jáàkì dúdú ni, èyí tó ga ju gbogbo wọn lọ.

Òyìnbó gbá orí mú. Ó ní ìyẹn ló yẹ kó jù nígbà tí Bàbá ju áásì, pé eré ti bàjẹ́, pé èmi ni mo borí.

Ara mi gbóná. Mo sọ fún ọmọ, "Bi í bóyá ó fi pa mọ́ dè mí ni. Àbí ó rò pé ojú mi ti fọ́ ni?"

Àbúrò mi dìde, àga ẹ̀ ṣubú. Ó fi fìlà sórí. Ọmọ mi bọ́ sílẹ̀ lórí àpótí, ó kúnlẹ̀: "Bàbá Ìtèlè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ." Mo ní nínú ara mi pé yìgì ti tán nìyẹn.

Ó dé ẹnu àtẹ̀gùn, ó yíjú sí mi. Èmi gan-an ló wò, kì í ṣe ọmọ.

"Ẹ̀gbọ́n."

Mi ò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀ láti ọjọ́ ìyá wa.

"Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Kí n gba áásì lọ́wọ́ yín lójú àna yín? Ẹni tó fẹ́ gbé ọmọ yín lọ́túnla, kí n sọ yín dẹni ẹ̀rín níwájú ẹ̀? Ṣé bí Màmá ṣe kọ́ mi nìyẹn?"

Ọmọ mi túmọ̀ ẹ̀ fún òyìnbó. Ó ní, "But na game."

Mo dìde, mo gbé àga tó ṣubú, mo tò ó síbi tó wà. Mo kó káàdì, mo ń rú u pọ̀. Ọwọ́ mi ò mọ̀ ọ́n ṣe, àwọn kan já sílẹ̀.

"Jókòó," mo ní. "Bó o bá tún ní in lọ́wọ́, gbà á. Jẹ́ kó rí i pé mo ní àbúrò."

Ó pẹ́ kó tó jókòó. A tún un ta, mo tún ní èmi máa dá jà. Bí mo ṣe na áásì, ó gbá Jáàkì lé e lórí, tábìlì mì.

"Ẹ kó o wá, baálé! Ọmọ ọ̀dọ̀ ti dé!"

Èmi gan-an rín nígbà yẹn. Wọ́n nà mí nínú ìyẹn, ẹ̀gbọ́n ò sí lójú Jáàkì.

Nígbà tí wọ́n pe ìrun, àbúrò mi ń wá bàtà ẹ̀. "Aago mélòó lẹ mú fún yìgì?"

"Aago mọ́kànlá."

Ó wọ bàtà kan, ó wọ èkejì. "Ẹ má bẹ̀rẹ̀ kí n tó dé."

Ó mọ ohun tó ń sọ. Èmi náà mọ̀ ọ́n.

"A máa dúró dè ọ́," mo ní.

Ní Ọjọ́ Àìkú, òjò ti rọ̀ mọ́jú. Aago mọ́kànlá lu, ó kọjá. Ààfáà ní òun tún ní yìgì kan ní Ìyànà Ìyẹ̀sí, ó ní, "Bàbá, oòrùn ń ga o." Mo ní kí wọ́n jókòó. Àwọn ènìyàn ń wo àga òfìfo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo gbé ọwọ́ lé e. Ọmọ mi yọjú láti inú yàrá, ó wo àga, ó padà wọlé. Ààfáà tún wo aago ẹ̀. Mi ò gbé ọwọ́ kúrò.

Nígbà tí àbúrò mi dé, ẹrẹ̀ ọ̀nà Ìtèlè ti dé orúnkún ṣòkòtò ẹ̀. Kò ní kí n má bínú. Mo gbé ọwọ́ kúrò lórí àga, ó jókòó, mo sì sọ fún ààfáà pé kó máa bẹ̀rẹ̀.